Kí ló dé tí òkè fi ya lẹ́yìn tí òjò ti dá?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀ tó wà níbí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó wọlé.

Mo ní ilé kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé àárín òkè la tẹ̀dó sí, ó sì ṣòro kí ènìyàn kọ́lé níbẹ̀ kó má gé lára òkè. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ tèmi, a gé ìdí òkè wọlé, a sì mọ ògiri kan sí ẹ̀yìnkùlé láti dá erùpẹ̀ dúró. Ògiri náà ga ní mítà 3, ó sì gùn tó mítà 12. Ọdún mẹ́rin ló fi dúró láìmì.

Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ní gbogbo òru tí òjò fi ń rọ̀, mo ń jáde lọ tan iná sí ògiri yìí, n kò sì rí ohun tó ṣe é. Òjò dá, oòrùn yọ, wọ́n tilẹ̀ ti ń sá aṣọ sẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kẹta tí òjò ti dá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi pè mí pé ògiri ń dún. Kí n tó débẹ̀, ó ti là láàárín, ó sì ti tẹ̀ síwájú tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Omi pípọ́n ń tú jáde láti ojú ibi tó là. Nígbà tí mo gun òkè lọ wò ó, ilẹ̀ ti là gbọọrọ ní nǹkan bíi mítà 8 sí ògiri, ẹnu rẹ̀ sì gba ìka mẹ́ta.

Ohun tí kò yé mi nìyí: bó bá jẹ́ pé òjò ló fà á, kí ló dé tí ògiri fi dúró nígbà tí òjò ń rọ̀, tó wá jẹ́ inú oòrùn ló là? Ẹni tó kọ́ ọ fún mi ní kò nípọn tó ni, pé ká wó o, ká fi irin ńlá mọ òmíràn, ká sì fi sìmẹ́ńtì dí ojú ilẹ̀ tó là lókè. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀?

Bíríkìlà Àgbà dáhùn:

Ẹ kú ewu, ọ̀gá. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé erùpẹ̀ tó bá mu omi máa ń wúwo ju gbígbẹ lọ. Ìwúwo yẹn ni ògiri yín kò lè gbé. Búlọ́ọ̀kù iníṣì mẹ́sàn-án kò tó nǹkan níwájú òkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó jìn, kí wọ́n di irin dáadáa, kí wọ́n sì da kankéré sí i látòkè délẹ̀. Kò ní mì mọ́.

Ayẹlẹ̀wò dáhùn:

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ kú ewu. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dákun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí yàrá tó kọjú sí ògiri yẹn, kí ọmọdé má sì ṣeré níbẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi lójú.

Iṣẹ́ mi ni yíyẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó la títì tàbí kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Òótọ́ wà nínú ohun tí Bíríkìlà Àgbà sọ, nítorí omi ń dá kún ìwúwo ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwúwo kọ́ ni olórí ohun tó ń ya òkè. Bó bá jẹ́ ìwúwo nìkan ni, ìbéèrè tí ẹ bi wá kò ní ní ìdáhùn, nítorí ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ gan-an ni ògiri ì bá ti là.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó mú òkè dúró. Erùpẹ̀ kò dì pọ̀ bí àpáta. Wóró-wóró ni, ààyè sì wà láàárín wóró kan àti èkejì. Ohun tí kì í jẹ́ kí ti òkè yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀ ni pé ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ha ara wọn. Bí títẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀ náà ṣe máa ń lágbára láti dúró tó.

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ la odò kọjá rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí omi bá wà ní ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni ń di ilẹ̀ mú gírígírí. Bó bá dé itan, ẹ ó ti máa rọra wá ibi tí ẹ ó tẹ̀. Bó bá dé àyà, òkúta tí ẹ tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ara yín kò sì jò, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kò ràn mọ́lẹ̀ mọ́, nítorí omi ti ń gbé yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi ń ṣe fún wóró erùpẹ̀. Bí ààyè inú ilẹ̀ bá kún, tí omi kò sì rọ́nà jáde, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ti wóró kúrò lára wóró. Òkè kò ní dín kù lójú, àmọ́ ohun tó so ó ró ti ń dín kù nínú. Karl Terzaghi, ẹnjiníà tó ṣèwádìí nípa ilẹ̀, tí wọ́n bí ní Prague ní ọdún 1883, ló la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé láàárín ọdún 1920 sí 1930: agbára tí ilẹ̀ fi ń dúró kò sí nínú gbogbo ìwúwo tó wà lórí rẹ̀, bí kò ṣe nínú ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ agbára tí omi inú rẹ̀ fi ń tì í kúrò.

Ní báyìí, ẹ wo ọ̀nà tí omi gbà. Òjò tó rọ̀ sórí òkè kì í sábà dé ìdí ògiri lọ́jọ́ tó rọ̀. Iyanrìn lè jẹ́ kó kọjá láàárín wákàtí mélòó kan. Amọ̀ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ní agbègbè yín, òkúta líle kan tí wọ́n ń pè ní quartzite ló pọ̀ lórí òkè, ó sì kún fún lílà tí omi ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí orísun fi pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn òkè yẹn, tí omi gbígbóná Ìkógòsì náà sì wà lára wọn. Omi tó wọlé lókè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ń wá ọ̀nà bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá amọ̀ tàbí àpáta tí kò gbà á láàyè pàdé, ó sì ń gbára jọ lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ ń sá aṣọ, omi ṣì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ògiri yín.

Mo fura pé ẹ kò dá ihò kankan sára ògiri náà. Bí mo bá ṣì í, ẹ ṣàtúnṣe. Ògiri tó ga ní mítà 3, tí omi kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè, omi nìkan ń fi agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 4 àti ààbọ̀ ti gbogbo mítà kan gígùn rẹ̀. Ti mítà 12 yín yóò ju tọ́ọ̀nù 50 lọ, a kò sì tíì ka erùpẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá mọ òmíràn tó nípọn ju èyí lọ láìsí ihò, ìsédò lẹ ṣe sí ẹ̀yìnkùlé yín, kì í ṣe ògiri.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ṣe yín kò ṣàjèjì, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2014, òkè kan ya ní Oso, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 43 ló kú. Òjò ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, àwọn ènìyàn wà nílé wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Iyanrìn ló wà lókè níbẹ̀, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Omi gba inú iyanrìn, ó dé orí amọ̀, ó sì dúró.

Ìyá Olóko dáhùn:

Ọmọ mi, ẹ kú ewu, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ilé ṣe sàréè. N kò kàwé nípa ilẹ̀, àmọ́ oko bàbá mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní ìhà Òkè-Ìmẹ̀sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Orísun kan wà lábẹ́ oko náà tí a ti ń pọnmi, omi rẹ̀ máa ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan, mo gbé akèrègbè lọ síbẹ̀ láàárọ̀, omi náà ti pọ́n bí osùn, òjò kò sì rọ̀ lóru yẹn. Bàbá mi ò jẹ́ ká lọ sí oko apá òkè fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kejì ni ilẹ̀ ya níbẹ̀, tó gbé igi kòkó mẹ́rìndínlógún lọ ní òòró, tí àwọn igi náà ṣì dúró lórí ìdí wọn.

Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí: igi tó ti ń tẹ̀ nídìí tó sì tún yípo sókè, nítorí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń rìn tipẹ́, ibi tó ń rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko rẹ̀ tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í há láìnídìí. Kí ẹ sì sọ fún wa, ta ló ń da omi sí òkè ibẹ̀? Omi òjò nìkan kọ́ ni omi.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kọ̀wé padà:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Àwọn tó ń sùn lẹ́yìn ti kó wá sí pálọ̀.

Òótọ́ ni, kò sí ihò kankan lára ògiri náà. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa nígbà náà kí omi má baà máa ba ẹ̀yìnkùlé jẹ́. Ìbéèrè Ìyá Olóko ló gbé mi dìde lánàá. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin gun òkè lọ, a sì rí ohun méjì. Ọ̀kan ni sókáwéè ilé mi fúnra mi, èyí tí a gbẹ́ sí apá òkè nígbà tí a ń kọ́lé nítorí pé a fẹ́ fi iwájú ilé gbé ọkọ̀ sí. Kò ju mítà 5 lọ sí ibi tí ilẹ̀ là. Ìkejì ni omi òrùlé aládùúgbò tó wà lókè wa, tí páìpù rẹ̀ ń dà sórí ilẹ̀ lásán, tó sì ti gbẹ́ kòtò kékeré kan tó ń ṣàn tààrà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdí igi ọ̀pẹ tí a gé nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti jẹrà, ihò gbòǹgbò rẹ̀ gba omi.

Ṣé kí n fi sìmẹ́ńtì dí ojú ilẹ̀ tó là náà ná?

Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ní Cardiff dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí mo ń gbé, nítorí ọ̀rọ̀ sókáwéè yìí mú mi rántí ohun kan tí gbogbo ará Wales, níbí ní Britain, kì í gbàgbé. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Aberfan, kò jìnnà sí wa. Ilé iṣẹ́ tó ń wa èédú níbẹ̀ nígbà náà máa ń kó pàǹtírí ilẹ̀ tó bá hú jáde jọ bí òkìtì sórí òkè tó wà lókè abúlé náà. Èyí tí wọ́n pè ní òkìtì keje, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, orí orísun omi ni wọ́n kó o lé. Orísun náà wà lórí àwòrán ilẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú lè rí i. Òkìtì kan ti yọ̀ rí níbẹ̀ ní ọdún 1944, òkìtì keje fúnra rẹ̀ sì ti ṣí nípò ní ọdún 1963.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15 òwúrọ̀, ó ya. Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n oòrùn ló wà lórí òkè láàárọ̀ náà, kùrukùru ló bo abúlé nísàlẹ̀. Ohun tó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ ní ìṣẹ́jú kan di ẹrọ̀fọ̀ tó ń ṣàn lẹ́yìn tó ti ṣí, ó sì bo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ènìyàn 144 ló kú, ọmọdé sì ni 116 nínú wọn. Mo ti lọ sí itẹ́ òkú wọn, níbi tí sàréè funfun àwọn ọmọ náà ti tò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò fi sílẹ̀ fún òjò, wọ́n ní àwọn tó kó òkìtì náà jọ ló jẹ̀bi. Ní ọdún 1969, wọ́n ṣe òfin lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, omi tó wà lábẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra irin.

Ayẹlẹ̀wò dáhùn:

Ẹ ṣeun, Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gé òkè kọ́lé ka ohun tí ẹ kọ yìí.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i. Sìmẹ́ńtì kì í tẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún ṣí díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á là, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọlé, ẹ kò sì ní lè rí i mọ́. Ohun tó yẹ ní báyìí ni pé kí ẹ ki amọ̀ bọ inú ilẹ̀ tó là náà, kí ẹ fi igi gún un títí yóò fi le, kí ẹ gbé e sókè bí ebè kékeré kí omi lè pín sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi tapólì bo gbogbo rẹ̀ títí òjò yóò fi lọ. Ṣáájú ìyẹn, ẹ ri èèkàn kan sí apá òkè rẹ̀, ẹ ri òmíràn sí apá ìsàlẹ̀, kí ẹ fi tépù wọn àlàfo àárín wọn ní àràárọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí pípọ̀ náà sì ń yára, kí gbogbo ilé kó jáde láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ pa sókáwéè yẹn tì, kí ẹ gbẹ́ òmíràn sí apá ìsàlẹ̀ ilé. Èyí kò ṣeé fi falẹ̀. Òjò máa ń dá, àmọ́ omi ilé kì í dá; ojoojúmọ́ lẹ ń wẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ń fọ nǹkan, gbogbo rẹ̀ sì ń wọnú òkè lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ kí òjò míì tó dé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, ìwọ̀nba omi tó kù láàárín àwọn wóró rẹ̀ ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹ ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó ń kọ́ ilé sínú iyanrìn: gbígbẹ kì í dúró, èyí tó rin díẹ̀ ń dúró ṣánṣán, bí wọ́n bá sì da omi sí i jù, ó di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ọ̀pọ̀ òkè tó dúró ṣánṣán ní ilẹ̀ olóoru, ìfàmọ́ra yìí ló gbé e ró, òjò àrọ̀ìdá sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1972 nìyẹn, nígbà tí ilẹ̀ ya níbi méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní Sau Mau Ping àti ní Po Shan Road, tí ènìyàn 138 sì kú. Lẹ́yìn òmíràn ní ọdún 1976, ìjọba ibẹ̀ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ọdún 1977 tó ń yẹ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ìlú wò. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, gọ́tà lẹ ó máa rí lórí òkè, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, kí ẹ tó rí ògiri.

Tiyín náà, gọ́tà tí ẹ fi kankéré ṣe ni kó wà lókè ibi tí ilẹ̀ là, kó gba omi òrùlé aládùúgbò yín, kó sì gbé e lọ sí gọ́tà títì. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, nítorí bí òkè bá ya, ìpìlẹ̀ tiwọn ló ń bọ̀ lórí yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ògiri míì, kí òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè, kí ihò wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì gún páìpù onihò wọnú òkè ní ìdí rẹ̀, kí ẹnu páìpù rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wá ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ láti wò ó kí wọ́n tó wó ti àtijọ́, nítorí ohun tó ti là yẹn ṣì ń dá nǹkan dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin koríko vetiver. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tó mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Gbogbo ohun tí mo kà yìí wà fún òkè kékeré. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, apá kan òkè Sugar Loaf ya ní Regent, lẹ́bàá Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí Àjàyí Crowther àti ọ̀pọ̀ baba ńlá wa mìíràn sọ̀ sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Iye àwọn tó kú àtàwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Wọ́n ti gé igbó orí òkè náà, wọ́n ti kọ́lé wọnú rẹ̀, òjò sì ti rọ̀ láti oṣù Keje ní ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe yẹ. Kò sí ihò tí ẹnì kan lè dá sára ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó lè dá irú ìyẹn dúró. Bí ẹnjiníà bá sọ fún yín pé òkè ńlá tó wà lókè ló ń rìn, kì í ṣe ìwọ̀nba tí ẹ gé, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà dáhùn:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà. Ògiri márùn-ún ni mo ti mọ sí ìdí òkè láìdá ihò sí i, méjì nínú wọn ti tẹ̀. N ó padà lọ bá àwọn onílé náà. Ẹ̀gbọ́n Ayẹlẹ̀wò, báwo ni kí ihò náà ṣe jìnnà síra wọn tó?

Ayẹlẹ̀wò dáhùn:

Ẹ seun, ọ̀gá. Mítà kan àti ààbọ̀ sí méjì dára, kí ìlà àkọ́kọ́ sún mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó iníṣì mẹ́ta. Ẹ fi àpò tí omi ń gbà kọjá wé ẹ̀yìn rẹ̀ kí erùpẹ̀ má baà bá omi jáde. Omi mímọ́ lẹ fẹ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń pọ́n, òkè ń tú nínú nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kọ̀wé padà:

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Ẹnjiníà ti wá, ó ní ìwọ̀nba tí a gé ni, òkè ńlá kò ṣí. A ti pa sókáwéè àtijọ́ tì, aládùúgbò wa sì ti gbà kí a jọ ná owó gọ́tà. Ẹnjiníà náà fi irin gun ihò mẹ́rin sí ìdí ògiri, a sì ki páìpù bọ̀ wọ́n. Méjì kò mú nǹkan jáde. Ìkẹta tú omi pípọ́n fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó mọ́, ó sì ń ṣàn títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ kọkànlá. Àlàfo àárín èèkàn méjèèjì jẹ́ sẹ̀ntímítà 61 ní ọjọ́ tí a rì wọ́n, ó di 61 àti ààbọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.